Ìso Tí Wọn Kò Fi Pamọ́: Ìyìn fún Àwọn Tó Ka Ìpín Báńkì Ìlú Ńlá ní Japan

Àtẹ kan wà tí àwọn ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ Japan jọ máa ń gbé jáde lọ́dọọdún. Láti ọdún ìṣúná 1949 ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àtẹ náà ń dáhùn: ta ló ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà lórí ọjà? Wọ́n pín ìdáhùn sí òpó: ìjọba, báńkì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò, alágbàtà ìpín, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, àwọn àjèjì, àti ará ìlú lásán. Ní 1949, ará ìlú ló ni ìdá 69.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ilé ìṣúná lápapọ̀ kò ní ju nǹkan bí ìdá 10 lọ. Nígbà tí ogójì ọdún fi máa pé, báńkì ìlú ńlá àti báńkì agbègbè nìkan ti di nǹkan bí ìdá 15 mú. Lónìí, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn kò tó ìdá 3.

Bí òpó báńkì yìí ṣe gòkè tó sì wálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ. Àwọn tó kà á ni mo fẹ́ kí: akọ̀wé ọjà ìpín, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò ní Báńkì Àpapọ̀ Japan, àti olùwádìí tó jókòó ti ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́, tó ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń kà kì í dúró sójú kan. Báńkì ń pààrọ̀ orúkọ, báńkì ń gbé báńkì mì, òfin ń yí òṣùwọ̀n padà, dúkìá sì ń gba ẹ̀yìn orúkọ ẹlòmíràn wọlé. Síbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo la rí kà láti 1949 títí di òní. Ahunṣọ tó mọṣẹ́ máa ń fi ìso òwú pamọ́ kí aṣọ lè jọ̀lọ̀ lójú. Tàwọn yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ibi gbogbo tí òwú ti já ni wọ́n ti so ó, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé ibí la ti so ó, báyìí la ṣe so ó, ìdí nìyí. Èyí ni mo pè ní iṣẹ́ ọwọ́.

Kí á tó wo ọwọ́ wọn, ó yẹ kí á mọ bí ìpín ṣe dé ọwọ́ báńkì. Kí ogun tó parí ní 1945, ìdílé díẹ̀ bíi Mitsui, Iwasaki tó ni Mitsubishi, Sumitomo àti Yasuda ló ń ti orí ilé-iṣẹ́ àgbà kọ̀ọ̀kan darí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba àkóso, wọ́n tú àwọn ilé-iṣẹ́ àgbà náà ká, wọ́n sì ta ìpín wọn fún òṣìṣẹ́ àti ará ìlú. Ibẹ̀ ni ìdá 69.1 ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ogun ṣì ń pa kì í pẹ́ ta ìwé ìpín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó lówó ló sì ń rà á. Ní 1952, oníṣòwò kan kó ìpín Yowa Fudosan jọ. Ilé-iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó jogún ilẹ̀ Mitsubishi ní Marunouchi, láàárín gbùngbùn Tokyo. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti wà lábẹ́ orúkọ Mitsubishi tẹ́lẹ̀ dáwó jọ, wọ́n sì ra ìpín náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó gọbọi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá ló rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Òfin pẹ̀lú yí padà. Òfin tó lòdì sí ìdádúró ọjà, tí wọ́n ṣe ní 1947, kò jẹ́ kí báńkì kan ní ju ìdá 5 lọ nínú ilé-iṣẹ́ kan. Ní 1953 wọ́n gbé e sí ìdá 10. Nígbà tó di 1964, Japan wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ tí ń jẹ́ OECD, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ní láti ṣílẹ̀kùn fún owó àjèjì. Lásìkò kan náà, ọjà ìpín dẹnu kọlẹ̀, débi pé ní 1965 Báńkì Àpapọ̀ ní láti yá ilé-iṣẹ́ alágbàtà Yamaichi lówó kó má bàa wó. Wọ́n dá àjọ méjì sílẹ̀ láti ra ìpín tí kò rí oníbàárà. Nígbà tí ọjà padà bọ̀ sípò, tí wọ́n fẹ́ tà á, ọwọ́ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ni wọ́n tà á sí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá: láti 1967, bí ìjọba ti ń ṣílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ fún àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá onípìn-ín tí kò ní ta. Báńkì di ìpín oníbàárà rẹ̀ mú, oníbàárà náà di ìpín báńkì mú, kò sì sẹ́ni tó ń ta tirẹ̀.

Ní 1977, òfin dá òdiwọ̀n báńkì padà sí ìdá 5, ó sì fún wọn ní ọdún mẹ́wàá láti fi ṣe é. Bí o bá ṣí ìròyìn ilé-iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn 1987, wo ibi tí wọ́n to àwọn onípìn-ín mẹ́wàá àkọ́kọ́ sí. O lè rí báńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò tẹ̀léra, tí ìpín kálukú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdá 5 láì kọjá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ òfin náà yóò rò pé báńkì kọ̀ọ̀kan ló dédé yan iye yẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ààlà òfin ni gbogbo wọn dúró sí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkà ìpín gbọ́dọ̀ mọ̀ ni iṣẹ́ orúkọ. Ní 1948, àwọn báńkì ńlá bọ́ orúkọ ìdílé olówó sílẹ̀. Mitsubishi di Chiyoda, Sumitomo di Báńkì Osaka, Yasuda di Fuji. Sumitomo gba orúkọ rẹ̀ padà ní 1952, Mitsubishi gba tirẹ̀ ní 1953, Fuji kò padà sí Yasuda mọ́. Bí akọ̀wé kò bá mọ ìtàn yìí, yóò kọ ọ́ pé báńkì kan ta gbogbo ìpín rẹ̀, pé báńkì mìíràn sì rà á, nígbà tó jẹ́ pé pátákó iwájú ilé nìkan ni wọ́n kùn.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Kò sí òfin báńkì tó ya báńkì ìlú ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára báńkì agbègbè. Àṣà àwọn aláṣẹ àti àwọn oníṣirò ló pín wọn. Ní òpin 1968, ilé ìfowópamọ́ kan tó ti jẹ́ ti alájọṣe tẹ́lẹ̀ gba orúkọ Taiyo, ó sì wọ ẹgbẹ́ báńkì ìlú ńlá. Saitama, tó jẹ́ báńkì agbègbè, wọlé ní 1969. Lọ́jọ́ tí irú báńkì bẹ́ẹ̀ bá wọlé, àròpọ̀ ìpín tí báńkì ìlú ńlá ní yóò fò sókè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ra ìpín kankan. Ní 1971, Dai-Ichi àti Nippon Kangyo di ọ̀kan. Ní 1973, Taiyo àti Kobe di ọ̀kan. Mẹ́tàlá ló kù, mẹ́tàlá náà ló sì wà jálẹ̀ ìgbà tí ọrọ̀ Japan gbèrú jù: Dai-Ichi Kangyo, Mitsubishi, Sumitomo, Fuji, Sanwa, Tokai, Mitsui, Taiyo Kobe, Daiwa, Kyowa, Saitama, Hokkaido Takushoku àti Báńkì Tokyo. Lẹ́yìn náà ni ìdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ padà ní 1990. Takushoku wó ní 1997. Nígbà tó fi máa di 2003, Mizuho, Sumitomo Mitsui, UFJ, Tokyo-Mitsubishi àti Resona ló gba ipò gbogbo wọn.

Ìdàpọ̀ báńkì kì í ṣe ìròpọ̀ lásán fún olùkà. Bí báńkì méjì bá ní ìdá 4 kọ̀ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ìdá 8 ni wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ọ̀kan, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti dúró síbẹ̀. Títà tó bá tẹ̀lé e kò fi hàn pé báńkì náà kórìíra oníbàárà rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó fi ojú tó mú hàn jù ni ti oṣù kẹta 2003. Sumitomo Mitsui, ọ̀kan lára báńkì tó tóbi jù lágbàáyé, dà pọ̀ mọ́ báńkì kékeré kan tí ń jẹ́ Wakashio. Lójú òfin, Wakashio ló kù láàyè, ẹni ńlá ló sì parẹ́, lẹ́yìn náà ni Wakashio gba orúkọ Sumitomo Mitsui. Ọ̀nà ìṣirò tó jẹ́ kí wọ́n lè fi èrè ìdàpọ̀ nu àdánù orí ìpín wọn nù ni. Kọ̀ǹpútà tó ń tọpa nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nìkan yóò sọ pé báńkì ńlá kú lọ́jọ́ náà, pé kékeré kan sì ra ìpín káàkiri Japan lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn tó mọ ohun tó ń kà ló lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ìlà méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti òṣùwọ̀n. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti sọ iye ìpín tí báńkì ní. A lè ka ẹyọ ìpín. A lè sọ iye tó ń lọ lórí ọjà. A sì lè sọ iye tí báńkì rà á, èyí tó wà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ ìtàn tó takora nípa báńkì kan náà ní ọdún kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹyọ ìpín. Títí di ọdún ìṣúná 1984, ẹyọ ìpín ni àtẹ àwọn ọjà náà ń kà. Lẹ́yìn tí òfin ilé-iṣẹ́ ti sọ pé kí wọ́n máa di ìpín ní ìdì, tí ẹgbẹ̀rún ẹyọ sì sábà máa ń wà nínú ìdì kan, àtẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdì láti 1985. Wọn kò fi dúdú pe funfun: wọ́n kọ ọdún ìyípadà náà síbẹ̀, wọ́n sì ń fi òpó iye owó ọjà, tó ti wà láti 1970, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí olùkà lè fi èkíní wo èkejì.

Ọ̀rọ̀ Livedoor ló mú mi gbà pé ọ̀gá ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yìí pín ìpín rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ léraléra, débi pé iye ìdì ìpín rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toyota, ṣùgbọ́n nínú àtẹ tó ń ka ìdì, òun nìkan lè gbé ìdá gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò nípò. Ọwọ́ ará ìlú ni ọ̀pọ̀ ìpín rẹ̀ wà, nítorí náà ará ìlú á dà bí ẹni tó ń gba ọjà padà, báńkì á sì dà bí ẹni tó ń pòórá kíákíá ju bó ti rí lọ. Àwọn olùkà rí i. Fún ọdún 2004 sí 2006, wọ́n yọ Livedoor kúrò nínú ìṣirò ìdì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn yọ ọ́, wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kúkúrú ni. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ni ì bá ti kọ́lé sórí yanrìn.

Ti iye owó inú ìwé tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìgbà pípẹ́, iye tí báńkì ra ìpín ló ń kọ sínú ìwé rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ogún ọdún sẹ́yìn ló rà á. Ìpín tó rà ní owó táṣẹ́rẹ́ lè ti di ọrọ̀ ńlá lórí ọjà kó sì jẹ́ pé owó táṣẹ́rẹ́ yẹn ló ṣì wà nínú ìwé. Èrè tó fara pamọ́ sáàárín iye méjèèjì ni báńkì Japan fi ń ṣògo. Nígbà tí àdéhùn Basel ọdún 1988 sọ iye owó ìpìlẹ̀ tí báńkì gbọ́dọ̀ ní, ó gbà kí wọ́n ka ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún èrè àìtíìtà yẹn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1989, òdiwọ̀n ọjà Nikkei dé 38,915. Ní oṣù kẹjọ 1992, kò tó 15,000 mọ́. Ní oṣù kẹrin 2003, ó wálẹ̀ dé 7,607. Owó ìpìlẹ̀ báńkì ń bá a sọ̀ kalẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Báńkì tí gbèsè àìsan ń dà láàmú yóò ta ìpín tó rà ní owó pọ́ọ́kú láti rí èrè fi dí ihò gbèsè, yóò sì tún ìpín kan náà rà padà lójú ẹsẹ̀ kó má bàa ba ọ̀rẹ́ òun àti oníbàárà jẹ́. Iye ìpín ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n iye tó kọ sínú ìwé ga sókè, nítorí owó tuntun ló fi rà á padà. Nínú àtẹ tó ń fi iye inú ìwé hàn, àfi bíi pé báńkì ń ra ìpín síi ní àkókò tí ọjà ń wó. Olùṣirò tó gbọ́n kò fi àtẹ kan ṣoṣo dájọ́. Ó fi ti ìwé báńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìdì ìpín, ó rí i pé ọ̀kan ń gòkè, èkejì dúró, ó sì mọ̀ pé ìtajà àtúnrà ló fà á. Láti ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2001 ni òfin ìṣirò ti sọ pé iye ọjà ni kí wọ́n fi máa ṣírò ìpín bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fa ìlà kọjá ọdún yẹn láì sọ̀rọ̀ ti da ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ ẹfun.

Iṣẹ́ kẹta ni ti olówó gidi. Báńkì kan wà ní Japan tó yàtọ̀ sí báńkì ìlú ńlá: báńkì olùtọ́jú ohun-ìní. Ìpín tó wà lórúkọ rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, ti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ tàbí ti àjọ àwọn adókòwò kéékèèké. Nígbà kan, òpó kan náà ni gbogbo báńkì wà nínú àtẹ náà. Láti ọdún ìṣúná 1986, wọ́n ya báńkì olùtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára báńkì ìlú ńlá àti ti agbègbè. Ìpinnu yìí kéré lójú, àmọ́ òun ló gba ìtàn náà là. Lẹ́yìn náà ni ìpín tí báńkì ìlú ńlá fúnra rẹ̀ ní ń jò lọ, tí ti báńkì olùtọ́jú sì ń wú, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn ilé ìpamọ́ ńlá bíi Master Trust Bank of Japan sílẹ̀ ní 2000. Ká ní òpó kan náà ni wọ́n ṣì wà, wíwú èyí ì bá bo jíjò èkejì mọ́lẹ̀, a ò bá sì máa sọ títí di òní pé báńkì Japan kò ta nǹkan kan. Títí kan ìpín tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti 2010 nípasẹ̀ àjọ adókòwò, òpó báńkì olùtọ́jú ló wọ̀ sí. Orúkọ tó wà nínú ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín, ẹni tó bá ń ka ìpín gbọ́dọ̀ máa rántí èyí lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ kẹrin ló le jù: kí a mọ ẹni tó di ta ni mú. Àtẹ àwọn ọjà ń sọ iye tí báńkì ní lápapọ̀. Kò sọ bóyá ilé-iṣẹ́ tí báńkì ní ìpín nínú rẹ̀ náà ní ìpín nínú báńkì ọ̀hún. Ilé ìwádìí Nissei Kiso, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò Nippon Life, ló gbé iṣẹ́ yẹn sórí, Fumiaki Kuroki sì wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n mú àkójọ àwọn onípìn-ín ńlá ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ìwé ohun-ìní rẹ̀, wọ́n ń wá ilé-iṣẹ́ méjì tó di ara wọn mú. Ibi tí wọ́n ti rí ọwọ́ méjèèjì nìkan ni wọ́n kà sí ìpín pàṣípààrọ̀. Ibi tí wọ́n ti rí ọwọ́ kan ṣoṣo, òpó tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, òpó àwọn onípìn-ín adúróṣinṣin, tí ìpín pàṣípààrọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ní òpin ọdún 1980 sí 1989, ìpín àwọn adúróṣinṣin ju ìdá 40 lọ nínú iye gbogbo ọjà. Ní 2003, ọdún tí wọ́n ṣe ìwádìí náà kẹ́yìn, ó ti di ìdá 24.3, ìpín pàṣípààrọ̀ sì ti di ìdá 7.6. Ohun tó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún níbí ni pé Nippon Life fúnra rẹ̀ wà lára àwọn onípìn-ín adúróṣinṣin tó tóbi jù ní Japan. Wọ́n ka ilé ara wọn mọ́ ọn.

Èso iṣẹ́ náà hàn ní 2007, nígbà tí Kuroki àti Hideaki Miyajima, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Waseda, jọ gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí ìdè náà ṣe tú. Nítorí pé wọ́n ní ìso kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n lè béèrè ìso tó kọ́kọ́ já. Wọ́n rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó lágbára, tó lè rí owó lórí ọjà, ló yára ta ìpín báńkì. Báńkì pẹ̀lú ta ìpín tó rọrùn láti tà, ó sì di èyí tó kù mú, ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbára lé e jù. Àròpọ̀ lásán kò lè sọ irú èyí fún wa láé. Ó fi hàn pé nígbà tí òpó báńkì ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tó ń kù nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó dára jù.

Mo tún yin àwọn tó mọ ibi tí iye parí sí. Hiroshi Okumura, tó ti jẹ́ oníròyìn kó tó di olùwádìí nípa ìpín, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọ́ pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá di ara wọn mú, kò sí olówó gidi tó lè bi ọ̀gá ilé-iṣẹ́ léèrè ohun tó ń ṣe. Láti 1960, ìwé ọdọọdún kan tí ń jẹ́ Keiretsu no Kenkyu ti ń pín àwọn ilé-iṣẹ́ sí agbo báńkì yìí tàbí agbo báńkì tọ̀hún, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sì gbé ìṣirò wọn lé ìpínsọ́gbo yẹn. Ní 2006, Yoshiro Miwa àti Mark Ramseyer gbé ìwé jáde tó sọ pé àlọ́ ni ọ̀rọ̀ agbo náà, pé àwọn tó pín wọn ló dá a sílẹ̀. Awuyewuye náà gbóná. Èmi kò gbà pé ìdè tó wà láàárín báńkì àti oníbàárà rẹ̀ jẹ́ àlọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé wọ́n tọ́ka sí ohun gidi kan: ìdá 4.9 jẹ́ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, àmọ́ sísọ pé ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ ti agbo Fuji jẹ́ ìdájọ́ ènìyàn. Àtẹ tó dára jẹ́ kí á mọ èyí tó jẹ́ ìwọ̀n yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìdájọ́.

Iṣẹ́ yìí kò dúró sínú ìwé. Ní 2001, ìjọba ṣe òfin pé ìpín tí báńkì ní kò gbọ́dọ̀ ju owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní 2002, wọ́n dá àjọ tí yóò ra ìpín lọ́wọ́ báńkì sílẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ pẹ̀lú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní tààrà ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró ní 2004, ó ti ra nǹkan bíi tírílíọ̀nù méjì yen. Láti 2010, òfin ní kí ilé-iṣẹ́ máa dárúkọ ìpín tó dì mú nítorí àjọṣe, kí ó sì sọ ìdí tó fi dì í mú. Orúkọ 30 ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ní 2019 ó di 60. Ìlànà ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ti 2015 tún fi kún un pé kí wọ́n ṣàlàyé ètò wọn lórí irú ìpín bẹ́ẹ̀. A kò lè fi òdiwọ̀n sórí ohun tí a kò mọ iye rẹ̀. Àwọn tó jókòó ti òpó wọn láti 1949 ló jẹ́ kí àwọn aṣòfin mọ ohun tí wọ́n ń ṣe òfin lé.

Ìdájọ́ mi nìyí: àkójọ ìpín àwọn báńkì ìlú ńlá Japan wà lára iṣẹ́ ìṣirò tó dára jù tí a ṣe ní ọ̀rúndún tó kọjá, kì í ṣe nítorí pé kò ní àbùkù, bí kò ṣe nítorí pé ó sọ àbùkù rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ì báà jẹ́ ti báńkì, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti ilé ìwé tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa òpó àtijọ́ rẹ́ nígbà tí òṣùwọ̀n bá yí padà. Ẹ kọ ọdún tó yí padà, ẹ kọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tó máa kà á lẹ́yìn àádọ́ta ọdún kò ní rí yín bi léèrè.